Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága EFCC: Ẹ yọ owó ẹ̀wà wa kúrò lára owó olè

Sí Alàgbà Ọlá Olúkóyèdé, Alága Àjọ EFCC, Jabi, Abuja.

Alága, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ẹ̀wà ni mo ń tà lọ́jà Bódìjà ní Ìbàdàn láti 2004. Àpò méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, èmi àti àwọn ẹlẹ́wà mẹ́ta jọ máa ń pín ẹrù tírélà kan tó ń bọ̀ láti ọjà Dawanau ní Kánò. Nínú òwò yìí ni mo ti rán ọmọ mẹ́ta níwèé, nínú rẹ̀ náà ni mo ti ń tọ́jú ìyá tó bí mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò lọ́jú pọ̀. Bí olè bá fi owó tó jí ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé olè ni, ìyẹn kò sọ ọlọ́jà di olè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí, ọlọ́jà ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ bà. Olè ti sá lọ, ó ti yí nọ́ńbà fóònù padà. Ọlọ́jà wà lójú kan, ó ní ṣọ́ọ̀bù, BVN rẹ̀ pé, àdírẹ́sì rẹ̀ pé. Òun ni wọ́n á rí mú, àkántì rẹ̀ ni wọ́n á sì tì pa.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé kí ẹ fi olè sílẹ̀. Nígbà tí CBEX, àwọn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní àwọn ń sọ owó di púpọ̀, dojú dé ní Oṣù Kẹrin 2025, mo mọ àwọn tí owó wọn bá a lọ lọ́jà wa. Elélùbọ́ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi fi owó tó fẹ́ fi kan òrùlé ilé rẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, tí wọ́n ń gbé àga jáde, orí ìjókòó rẹ̀ ló wà tó ń wo ilẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún un, kí ẹ mú un. A gbọ́ pé ẹjọ́ tí àjọ yín jàre rẹ̀ ní 2024 lé ní 4,000, àti pé owó tí ẹ gbà padà lé ní ₦364 bílíọ̀nù. A kí yín fún un. Ohun tí mo ń sọ ni ti àwa tí a wà láàárín, tí ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ẹ ṣe ń lé olè lọ.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi

Mi ò ní dárúkọ báńkì náà. Mi ò sì ní dárúkọ àwọn agbófinró tó kọ lẹ́tà sí wọn. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti wá, wọn kì í sì í ṣe àjọ yín. Ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí nítorí pé ẹ̀yin ni aṣáájú nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà tí ẹ bá là ni àwọn yòókù ń tọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, ní Oṣù Kẹta 2025. Ọmọkùnrin kan wọlé, ó kí mi dáadáa, ó ní ìnáwó òkú ni àwọn fẹ́ ṣe, àwọn fẹ́ àpò mẹ́jọ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó bu ẹ̀wà, ó fẹ́ ìdọ̀tí orí rẹ̀ dànù, ó fi eyín já ọ̀kan wò bí ẹni tó mọ ẹ̀wà. A dúnàádúrà títí a fi fẹnu kò sí ₦145,000 lórí àpò kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,160,000. Ó tẹ fóònù, àlẹ́ẹ̀tì wọlé. Mi ò tíì jẹ́ kí wọ́n gbé ọjà, nítorí àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti pọ̀ jù. Mo ṣí áàpù fúnra mi, mo rí i pé owó ti wọlé lóòótọ́.

Orúkọ tó wà lórí owó náà kì í ṣe ti ọmọkùnrin yẹn. Wọ́n bi mí léèrè lórí èyí lẹ́yìn náà bí ẹni pé mo jẹ́wọ́ nǹkan. Alága, ọjà la wà. Ìyàwó ń rajà, ọkọ tó wà ní Èkó ló ń sanwó. Ẹgbẹ́ ìjọ ń rajà, akápò ló ń sanwó. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń ní kí ọ̀rẹ́ òun tó wà nílé bá òun san owó ẹ̀wà ìyá òun. Bí mo bá ní mi ò ní gba owó tí orúkọ rẹ̀ kò bá ojú tó wà níwájú mi mu, kí n yáa ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn alábàárù gbé àpò mẹ́jọ sínú ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni tírélà wa dé. Mo fẹ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kò lọ. Mo tún un ṣe, kò lọ. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nígbà tó di agogo mẹ́wàá mo gba báńkì lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: “Mọ́mì, wọ́n ti fi PND sí àkántì yín.” Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní owó lè wọlé, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kò lè jáde. Mo ní ta ló fi sí i. Ó ní lẹ́tà ló wá láti ọ̀dọ̀ agbófinró. Mo ní ẹ jẹ́ kí n rí lẹ́tà náà. Ó ní àwọn ò lè fi hàn mí.

₦6,340,000 ló wà nínú àkántì yẹn. ₦1,160,000 ni wọ́n ń jà lé lórí. ₦5,180,000 tó kù, owó Alhaji tó kó ẹ̀wà ránṣẹ́ ni, owó ọkọ̀ ni, owó àjọ tí mò ń gbà jọ fún obìnrin méjìlá ni. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tì pa pọ̀.

Dírẹ́bà ò gbà ká já ẹrù láìsanwó, mi ò sì bá a jà. Òun náà ní ọ̀gá. Abẹ́ tírélà ló sùn fún òru mẹ́ta. Ní òru kejì, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Tapólì tó wà lórí ẹrù ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí mo fi rí owó gbómúlélántà yá, tí a já ẹrù, ooru ló kọ́kọ́ jáde nínú àwọn àpò tó wà nígun yẹn. Mo tú ọ̀kan, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀wà náà ti wú, ó ti ń hù. Àpò mọ́kànlá. A tẹ́ wọn sóòrùn, a ṣà wọ́n, a rí díẹ̀ tà fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ.

Ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta ni àkántì náà fi wà ní títì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọkọ̀ lọ bá àwọn tó kọ lẹ́tà. Lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí kọ́ọ̀tù. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n lọ mú rìsíìtì wá. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó kọ sítétimẹ́ǹtì, mo sì mú alábàárù tó gbé ọjà náà dání. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìyá kan tó jẹ́ tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n lù ní jìbìtì. Owó rẹ̀ kọjá nínú àkántì ẹlòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọkàn mi bàjẹ́ fún ìyá yẹn. Ká ní wọ́n pè mí lọ́jọ́ kìíní, mo lè júwe ọmọkùnrin náà, mo lè júwe ọkọ̀ tó gbé ọjà lọ, kódà mo lè tọ́ka dírẹ́bà ọkọ̀ náà, torí ó máa ń wá sọ́jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, dírẹ́bà náà kò rántí ibi tó já ẹ̀wà sí mọ́.

Wọ́n ṣí àkántì náà níkẹyìn. ₦1,160,000 ṣì wà níbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ẹ̀wà lọ, owó lọ.

2. Ohun tí òfin sọ

Ọmọ mi kejì ló bá mi wá àwọn òfin wọ̀nyí jáde, tó kà wọ́n sí mi létí títí wọ́n fi yé mi.

Òfin tó dá àjọ yín sílẹ̀, ti 2004, abala 34, sọ pé bí Alága bá rí i pé owó inú àkántì kan jẹ́ owó ìwà ọ̀daràn, kó lọ tọrọ àṣẹ nílé ẹjọ́ kó tó sọ fún ọ̀gá báńkì pé kó ti àkántì náà. Òfin 2022 tó ń dènà kí wọ́n máa fọ owó olè mọ́ fún yín láyè láti dá àkántì dúró ní kíákíá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Ní 2019, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ ní gbangba pé EFCC kò lágbára láti kọ̀wé sí báńkì pé kí wọ́n ti àkántì èèyàn láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́, báńkì náà kò sì gbọdọ̀ ṣe é kìkì nítorí lẹ́tà.

Mo tún rí abala 44 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ó gbà kí ìjọba mú ohun ìní èèyàn sọ́dọ̀ fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìwádìí. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹni tó ń kà á. Ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ ló sọ. Fún ẹni tó ń ta ẹ̀wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe ìgbà díẹ̀. Ẹ̀wà tuntun ti dé, ti tẹ́lẹ̀ ti ní kòkòrò, oníbàárà ti bá ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà, Alága, bí àṣẹ ilé ẹjọ́ bá wà lórí àkántì mi, kí ló dé tí wọn ò fi hàn mí? Bí kò bá sì sí, kí ni báńkì fi tì í kọjá ọjọ́ kẹta?

3. Ìjọba ló ní ká gba tráńsífà

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Wọ́n pààrọ̀ owó, owó tuntun ò tó, èèyàn ń sùn sí ẹnu ATM. Lọ́jà wa, àwọn tó ní owó nínú báńkì ń fi ojú wo ẹ̀wà lọ, wọn ò rí owó fi rà á. Ní Oṣù Kẹta ọdún náà ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún. Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àlẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣèjọba sọ fún wa pé owó nínú fóònù ló dára, pé ó ní ojú ẹsẹ̀ tí èèyàn lè tọ̀, pé ọlọ́ṣà ò lè gbà á. A gbà. A lẹ nọ́ńbà àkántì mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ojú ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n wá ń tọ̀ wá sọ́dọ̀ wa báyìí. Ká ní owó ọwọ́ ni ọmọkùnrin yẹn kó wá fún mi, kò sẹ́ni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ₦5,180,000 tí kò kàn án. Nítorí pé mo ṣe ohun tí wọ́n ní ká ṣe ni ìyà ṣe jẹ mí.

4. Ẹ di iye tí wọ́n ń jà lé lórí nìkan

Báńkì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n lè so ₦1,160,000 mọ́lẹ̀ nínú àkántì kí èyí tó kù máa jáde. Wọ́n ṣe é fún mi níkẹyìn, ìyẹn ni pé wọ́n lè ṣe é lọ́jọ́ kìíní. Àkántì àwa ọlọ́jà kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó àjọ wà níbẹ̀, owó Alhaji wà níbẹ̀, owó tí ẹnì kan san sílẹ̀ dè ẹ̀wà tó ń bọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti tèmi, obìnrin kan tó yẹ kó kó àjọ lọ́sẹ̀ yẹn fi san owó ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò bú mi. Ó kàn jókòó ni. Mo lọ yá owó yẹn náà.

BVN tún wà ńbẹ̀. Láti 2014 tí wọ́n ti gbé e jáde ni gbogbo àkántì èèyàn ti wà lórí okùn kan. Bí wọ́n bá fi àmì sí i lára, kò sí báńkì kejì tí èèyàn máa sá lọ.

5. Àwọn nǹkan mìíràn tí mo rí

Ní Oṣù Kẹrin 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja fún àjọ yín láyè láti ti àkántì 1,146 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí àwọn tó ń ṣòwò dọ́là láìgbàṣẹ. Ẹ gba ilé ẹjọ́ lọ, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ wà níwájú adájọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nínú 1,146, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ló jẹ́ ẹni tó kàn ta táyà tàbí síménti fún oníṣòwò dọ́là? Ó yẹ kí ìlú mọ̀.

Ìwé SCUML, ẹ̀ka àjọ yín tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò kí wọ́n má bàa fọ owó olè mọ́, ńkọ́? Àbúrò mi ọkùnrin ń dáko ní Ìsẹ́yìn, ó sì ra tírákítọ̀. Ó fẹ́ ṣí àkántì fún ilé iṣẹ́ rẹ̀, báńkì kan ní kó mú ìwé SCUML wá, torí òfin 2022 ka àwọn tó ń fi ẹ̀rọ dáko mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń ta mọ́tò àti àwọn tó ń ta góòlù. Ọ̀fẹ́ ni ìwé yìí, àjọ yín fúnra yín ló ń sọ ọ́. Ẹnì kan gba ₦45,000 lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a ṣe é, torí àgbẹ̀ ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ nǹkan wọ̀nyẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé tábìlì kan wá sí ọjà wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ bá wọn ṣe é níbẹ̀.

Ní Oṣù Kọkànlá 2023, lẹ́yìn tí wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ lóru, ẹ̀yin fúnra yín ní kí àwọn òṣìṣẹ́ yín má kọ lu ilé lóru mọ́. Mo gbóríyìn fún yín lọ́jọ́ yẹn. Síbẹ̀, ní Oṣù Kẹfà 2024, ẹ wọ ilé ijó alẹ́ kan ní Àkúrẹ́, ẹ kó èèyàn tó lé ní 100. Nínú oṣù yẹn kan náà ni fídíò jáde láti òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó, tí òṣìṣẹ́ yín ń gbá obìnrin létí. Ẹ ní kí wọ́n mú àwọn tó wà nínú fídíò náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì yìí ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ wa. Bí àlejò bá ń bẹ̀rù láti sùn síbẹ̀, àwa náà máa mọ̀ ọ́n lára.

Wọ́n ní àjọ àgbáyé FATF, tó ń gbógun ti fífọ owó olè mọ́, ti fi Nàìjíríà sínú ìwé àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ní Oṣù Kejì 2023, pé ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi le. A ti kúrò nínú ìwé yẹn ní Oṣù Kẹwàá 2025. Ó yẹ kí ara tù wá díẹ̀ nílé.

6. Ohun tí mò ń béèrè

Ìkínní, kí ẹ kọ̀wé sí gbogbo báńkì, kí ẹ sì jẹ́ ká rí i nínú ìwé ìròyìn, pé iye owó tí wọ́n ń jà lé lórí nìkan ni kí wọ́n dì, àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá sọ ohun mìíràn.

Ìkejì, kí ẹni tí wọ́n ti àkántì rẹ̀ rí ẹ̀dà àṣẹ ilé ẹjọ́ gbà lọ́jọ́ tó bá béèrè. Bí wákàtí 72 bá pé tí àṣẹ ò sí, kí àkántì ṣí fúnra rẹ̀, kí ọlọ́jà má tún máa bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìkẹta, kí ẹ ya ọ́fíìsì kan sọ́tọ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí àjọ yín ti ní ẹ̀ka, fún àwọn tó gba owó olè láìmọ̀. Kí wọ́n gbọ́ tẹnu wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwa la mọ ojú àwọn ọmọ yìí. Àwa la bá wọn dúnàádúrà. Ẹ lò wá bí ẹlẹ́rìí.

Ìkẹrin, kí ẹ bá àwọn agbófinró yòókù sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ń ti àkántì láti ìpínlẹ̀ tó jìnnà. Bí ẹ bá tò ó, wọ́n máa tẹ̀lé e.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, obìnrin kan wá ra àpò mẹ́rin fún ilé ìwé tó ń dáná fún. Akọ̀wé ilé ìwé ló fẹ́ san owó náà láti Ọ̀yọ́. Mo béèrè orúkọ akọ̀wé, mo béèrè nọ́ńbà rẹ̀, mo béèrè lẹ́tà ilé ìwé. Obìnrin náà wò mí, ó ní ṣé olè ni òun ni? Mo ní kó má bínú, mo ṣàlàyé fún un. Ó yí padà, ó lọ. Ògbólógbòó oníbàárà mi ni.

Mò ń retí èsì yín, Alága. Gbogbo ọjà ló ń retí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ẹlẹ́wà kan lọ́jà Bódìjà, Ìbàdàn.